Níbo Ni Òórùn Òbúkọ Ti Ń Wá?

Ẹni tó bá gba Ìta Tinúbú wọ àdúgbò Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n so òbúkọ mọ́ yóò ti fimú mọ̀ ọ́n kó tó fojú rí i. Ìtọ̀ la sábà máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Lóòótọ́, òbúkọ a máa tọ̀ sí irùngbọ̀n ara rẹ̀, ṣùgbọ́n awọ ẹ̀yìn ìwo ni kí ẹ wò.

Ẹ gé awọ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi H&E pa á láró. Lábẹ́ maikirosikóòpù, gílándì méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò irun. Ti òógùn jẹ́ ọ̀pá tó ká kò, tó ní àlàfo láàárín. Ti ọ̀rá ṣù bí ìdì ẹyìn, sẹ́ẹ̀lì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n sì ràn bíi fóòmù, torí pé ọtí àti xylene ti fọ ọ̀rá inú wọn lọ. (Àárín yìí ni kí ẹ wò lọ́jọ́ ìdánwò.) Odindi sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ló ń bẹ́, tó ń ṣàn sí ihò irun.

Lẹ́yìn ìwo òbúkọ, ti ọ̀rá yìí tóbi gan-an. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wọ́n á súnkì. Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Japan rí 4-ethyloctanal lára irun orí òbúkọ, èyí tó ń ta ọpọlọ abo jí fún gígùn. Òórùn rẹ̀ jọ ti ọsàn. Ìgbà tí atẹ́gùn bá kàn án ló ń di èyí tí à ń dimú fún.