Ewé Kan Ò Kù: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Tin Can

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Tin Can, ẹ̀yin tí ẹ ń sùn sínú tírélà ní Coconut, ẹ̀yin tí ẹ ń ru ẹrù ní Wharf, àti ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń tajà ní Boundary, ẹ fún mi ní etí yín. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni yàrá tí wọ́n ń gbé ẹni tó wà láàárín ikú àti ìyè sí, èyí tí gbogbo yín ń pè ní ICU. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ajégúnlẹ̀ ni mo ń gbé, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí ohun tí ẹ ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

1. Ẹ má ṣe tú kápúsù sójú egbò mọ́.

Mọ́tò-bọ́ì kan wà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Irin kọ̀ǹtéénà ló ya ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú kápúsù Ampiclox sójú egbò náà, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n fún un ní ìyókù káàdì oògùn náà kó máa lò ó. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, kò mọ ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. A ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ẹ̀rọ lè máa bá a mí, a ki òmíràn bọ ojú ìtọ̀, a gún abẹ́rẹ́ sí i lọ́rùn.

Egbò ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáa. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá ni ibà mìíràn dé. Kòkòrò tó fa ìyẹn kì í ṣe èyí tó gbé wá láti Tin Can, ọ̀dọ̀ wa ló ti kó o. Klebsiella lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń fara pamọ́ sétí sínkì, sára irin bẹ́ẹ̀dì, sọ́wọ́ àwa tí à ń tọ́jú aláìsàn, rọ́bà tí a kì bọ ọmọ náà lára sì ni ọ̀nà tó gbà wọlé. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

A mú ohun tó jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n gbìn ín sórí àwo, wọ́n to pépà róbótó kéékèèké lé e, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà lára pépà kọ̀ọ̀kan. Oògùn tó bá ràn án, ẹ ó rí i pé àyíká pépà rẹ̀ á mọ́ roro bí ẹní gbálẹ̀ yí i ká. Ọkùnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò pè mí kí n wá wò ó. Mo wo pépà àkọ́kọ́, mo wo èkejì, mo wò wọ́n tán. Kòkòrò náà hù dé etí gbogbo wọn, bí koríko ṣe ń hù dé ẹsẹ̀ ògiri. Kò sí ibì kankan tó mọ́ lórí àwo yẹn.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé bí oògùn kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ló kù. Ewé kankan ò kù nínú oògùn tiwa. Ó pé, dókítà ló kọ ọ́, lákòókò ni a ń fún un. Kòkòrò ló ti mọ̀ ọ́n. Ìyá ọmọ náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú fúláásìkì ògì ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ kú.

2. Ẹ mọ bí kòkòrò ṣe ń gbọ́n.

Kòkòrò inú wọ́ọ̀dù kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ara ènìyàn ló ti ń wá, ẹni tó ti lo ààbọ̀ káàdì níta, tàbí ẹni tí àwa fúnra wa ti fún ní oògùn líle nígbà tí kò yẹ. Kòkòrò kan lè pín sí méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Bí oògùn bá pa àwọn aláìlágbára tó fi àwọn alágbára sílẹ̀, àwọn alágbára ni yóò bí èyí tó kù. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n lè ta ẹgbẹ́ wọn lọ́rẹ ọgbọ́n náà, kódà èyí tí kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Alexander Fleming tó ṣàwárí pẹnisílíìnì ní 1928 kìlọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní 1945 nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel: ẹni tó bá lo oògùn tí kò tó, ó ń kọ́ kòkòrò níṣẹ́ ni. Ní ọdún 2019 nìkan, àwọn onímọ̀ ṣírò pé bí 64,500 ènìyàn ni kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ pa ní Nàìjíríà. Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò.

3. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò kí ẹ tó gbé oògùn mì.

Ampiclox kì í wo ọ̀fìnkìn. Tetracycline nìkan kì í wo ibà ẹ̀fọn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń lo kápúsù méjì lẹ́yìn tí ẹ bá bá ọkùnrin sùn, ẹni tó kọ́ yín tàn yín, kápúsù kò dí oyún, kò sì fọ nǹkan kan. Àpòpọ̀ oògùn ara ríro tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá, ẹ bi ẹni tó pò ó léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí i pé kò lè ka orúkọ wọn tán. Mo mọ̀ pé owó ni kò sí. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ oògùn GSK kéde ní 2023 pé àwọn ń kúrò nílẹ̀ yìí, oògùn Augmentin gbówó lórí débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè rà á pé mọ́. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní kí ẹ fi ọjọ́ márùn-ún lò ó, ọjọ́ márùn-ún ni kí ẹ fi lò ó. Bí owó kò bá tó, ẹ padà sọ fún un kó wá èyí tí apá yín ká. Ẹ má pín in pẹ̀lú ọ̀rẹ́.

4. Bí ẹ bá wá kí aláìsàn, ẹ fọ ọwọ́ yín.

Ìròyìn àjọ ìlera àgbáyé ní 2022 sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń kó àrùn míràn níbẹ̀. Méje ni ní ìlú àwọn olówó. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ọwọ́ tó mọ́ lè dá dúró. Dókítà Ignaz Semmelweis ti fi èyí hàn ní Vienna láti 1847. Ọṣẹ àti omi, kó tó ìdajì sí odindi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì bọ́ òrùka. Ẹ má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má gbé fóònù lé ìrọ̀rí. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kí ẹ tó kàn án." Bó bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹ máa bi wọ́n lójoojúmọ́ bóyá rọ́bà ojú ìtọ̀ yẹn ṣì wúlò, torí bó ṣe ń pẹ́ lára aláìsàn ni ewu rẹ̀ ń pọ̀.

Bí kò bá sí omi ní wọ́ọ̀dù náà, ẹ dá owó mẹ́ruwà jọ, ẹ gbé jálá wá. Mo ti rí ẹbí tó ṣe bẹ́ẹ̀.

5. Òróró àdúrà kò gbọdọ̀ wọ ICU. Ọlọ́run ń gbọ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn.

6. Ẹ̀yin ejẹ́ńtì àti ẹ̀yin tí ẹ ń ja ẹrù, ọ̀rọ̀ yín rèé.

Láti 1977 tí wọ́n ti ṣí èbúté Tin Can ni oògùn rere àti ayédèrú ti ń gba ọwọ́ irú yín kọjá. Oògùn tó ti gbóná jù nínú kọ̀ǹtéénà lábẹ́ oòrùn Àpápá, agbára rẹ̀ ti dín, bí ìgbà tí ènìyàn lo ààbọ̀ ló rí. Àjọ NAFDAC tó ń mójú tó oògùn ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa ní February 2025 nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀, ariwo sì pọ̀. Ẹni tó bá rí páálí tí wọ́n tún ọjọ́ lẹ̀ mọ́, kó lọ sọ fún wọn. Ìyá tiyín lè wà nínú àwọn tí yóò lò ó.

7. Ẹni tó bá mọ ìwé nínú yín, kó lọ kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, iṣẹ́ kòkòrò tí oògùn kò ràn yìí ló ń ṣe, nílẹ̀ wa níbí. Ọkùnrin tó fi àwo yẹn hàn mí, ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni. Bí a bá ní irú rẹ̀ sí i ní gbogbo ọsibítù wa, dókítà kò ní máa fi ojú méfò kọ oògùn.

8. Ilé mi kò jìnnà sí Boundary. Bí irin bá ya yín lẹ́sẹ̀, ilẹ̀kùn mi ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn kí ẹ tó ra kápúsù, ì báà jẹ́ òru. Omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà.