Èdè-Ìperí Iṣẹ́ Kọ́bọ́ọ̀dù Ṣíṣe: Àyẹ̀wò Èdè Ṣọ́ọ̀bù Kékeré ní Ìgàndò

1. Ìfáàrà

Ní 1970 ni Ètò Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nínú èyí tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé èdè Yorùbá lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rù. Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú ìpín kìíní ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì jẹ́ olóòtú ìpín kejì ní 1990, pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé-ìwé nìkan kọ́ ni ìmọ̀ ń gbé. Káfíńtà tí ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ń ṣe ìṣirò, ó sì ń bá ìṣesí igi àti omi jà lójoojúmọ́. Èdè Yorùbá ni ó sì fi ń kọ́ àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ṣọ́ọ̀bù ni ó yẹ kí aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ wò. Orúkọ ohun-èlò tí àwọn káfíńtà yá lò kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ibi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ń ṣiṣẹ́ fún èrò méjì ni owó ti ń ṣòfò, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ èdè-ìperí wà.

2. Ṣọ́ọ̀bù àti iṣẹ́ inú rẹ̀

Ìgàndò wà ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, nítòsí Ìkọ̀tún. Níbi tí ilé tuntun bá ti ń dìde, iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù kì í wọ́n. Irú ṣọ́ọ̀bù tí àyẹ̀wò yìí dá lé lórí kò ju abẹ́ páànù lọ: ọ̀gá kan, ọmọọṣẹ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta, tábìlì iṣẹ́, ayùn oníná àti jẹnẹrétọ̀.

Ètò iṣẹ́ kì í sábà yí padà. Oníbàárà yóò pe ọ̀gá wá wo ilé ìdáná tàbí yàrá. Ọ̀gá yóò wọn ibẹ̀, yóò ṣírò iye pákó, yóò sì dá iye owó. Oníbàárà yóò san àsansílẹ̀. Owó yìí ni wọ́n fi ń ra pákó, gọ́ọ̀mù àti irin. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gé e, tí wọn yóò tò ó pọ̀, tí wọn yóò sì lọ gbé e kọ́ sí ààyè rẹ̀. Ìgbà náà ni oníbàárà yóò san àṣẹ́kù, inú àṣẹ́kù yìí sì ni èrè ọ̀gá wà. Bí ọmọọṣẹ́ bá ṣi pákó gé, inú èrè yìí ni wọn yóò ti ra òmíràn. Nítorí náà, àṣìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè sọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì di òfo.

3. Bí èdè ṣọ́ọ̀bù ṣe rí

3.1 Ọ̀rọ̀ àyálò. Púpọ̀ nínú orúkọ ohun-èlò ni wọ́n yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì: kọ́bọ́ọ̀dù, dúrọ́ọ̀, réèlì, tépù, gọ́ọ̀mù, fọmíkà. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n yé, wọ́n sì ti bá ìró èdè mu. Kò sí èrè nínú pé kí onímọ̀ èdè jókòó sí yunifásítì kí ó ṣẹ̀dá orúkọ gígùn rọ́pò wọn. Ó yẹ kí a rántí pẹ̀lú pé àwọn onígi káàkiri ayé yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Yorùbá: ìrókò àti ìdigbò ni wọ́n ń pe igi wọ̀nyí nínú òwò pákó títí dé Yúróòpù.

3.2 Ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá jẹ́ àyálò, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń la igi, wọ́n ń gé e, wọ́n ń fá a, wọ́n ń lu ú, wọ́n ń kàn án, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín là àti gé ṣe pàtàkì gidigidi. Bí ayùn bá gba ọ̀nà tí fọ́nrán igi gbà lọ, wọ́n là á ni. Bí ó bá dá fọ́nrán náà ní ìdábùú, wọ́n gé e ni. Eyín ayùn tí ó dára fún ọ̀kan kò dára tó fún èkejì. Ọmọọṣẹ́ tí a sọ fún pé kí ó "la èyí, kí ó gé tọ̀hún" ti gba ẹ̀kọ́ nípa fọ́nrán igi kí ó tó mọ̀.

3.3 Ìfẹ̀-ìtumọ̀-lójú. Wọ́n tún máa ń mú ọ̀rọ̀ ara ẹ̀dá wọ inú iṣẹ́. Ibi tí igi méjì ti pàdé lè jẹ́ oríkèé. Èyí tí ó wọlé jẹ́ akọ, èyí tí ó gbà á jẹ́ abo. Ọ̀nà yìí rọrùn, ó sì bá àṣà èdè mu.

4. Ibi tí ìṣòro wà

4.1 Ìwọ̀n. Bí ọ̀gá bá wí pé, "Gé e ní ọgọ́rùn-ún mẹ́fà," ìbéèrè tí ó yẹ kí ọmọọṣẹ́ béèrè ni, "Ọ̀gá, ṣé ti òde lẹ wí ni, àbí ti inú?" Bí òde kọ́bọ́ọ̀dù bá jẹ́ 600 mm, tí pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì nípọn ní 18 mm, inú rẹ̀ kù sí 564 mm. Bí dúrọ́ọ̀ yóò bá gun réèlì tí ó ń fẹ́ 13 mm ní apá kọ̀ọ̀kan, dúrọ́ọ̀ náà kò gbọdọ̀ ju 538 mm lọ. Bí ọmọọṣẹ́ bá rò pé ti inú ni 600 mm, kọ́bọ́ọ̀dù yóò di 636 mm, kò sì ní wọ àlàfo tí ó wà láàárín ògiri àti sítóòfù. Ọ̀rọ̀ kan, ìwọ̀n, ni ó gbé èrò méjì. Ìwọ̀n òde àti ìwọ̀n inú ni ó yẹ kí ó dúró gẹ́gẹ́ bí èdè-ìperí, kí ẹnikẹ́ni má sì lo ìwọ̀n lásán.

4.2 Gbígbẹ. Èyí ni ó ṣòro jù. Nínú ṣọ́ọ̀bù, "pákó yìí ti gbẹ" lè túmọ̀ sí pé ojú rẹ̀ kò tutù mọ́. Ó sì lè túmọ̀ sí pé ó ti ṣe é lò. Sáyẹ́ǹsì fi hàn pé ọ̀nà méjì ni omi gbà wà nínú igi: omi inú ihò fọ́nrán àti omi ara fọ́nrán. Ti inú ihò ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Igi yóò fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò ní súnkì. Nígbà tí omi inú ihò bá tán, tí ara fọ́nrán nìkan ṣì yó fún omi, ìdá ọ̀rinrin igi yóò jẹ́ nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ibẹ̀ lọ sílẹ̀ ni igi ń súnkì. Ẹni tí ó bá gbé pákó wò tí ó ní ó ti fúyẹ́ lè kan kọ́bọ́ọ̀dù kí igi tó bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì rárá. Nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà ni ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ti lọ́, tí oríkèé rẹ̀ yóò sì là.

Ìdá ọ̀rinrin ní ìṣirò tirẹ̀. Wọ́n ń wọn èérún igi kan, wọ́n ń fi sínú ààrò tí ooru rẹ̀ tó 103°C títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́, wọ́n sì ń tún un wọ̀n. Bí ó bá jẹ́ giráàmù 600 tẹ́lẹ̀, tí ó di 500, omi tí ó lọ jẹ́ 100. Igi gbígbẹ ni wọ́n fi ń pín in, kì í ṣe igi tútù: 100 sí ọ̀nà 500, èyí tí ó jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Súnkì pàápàá kò rí bákan náà níhà gbogbo. Ní gígùn, kò tó nǹkan. Ní fífẹ̀ ni ó pọ̀. Bí pákó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 300 mm bá fi 3 nínú ọgọ́rùn-ún súnkì, 9 mm ni ó pàdánù, ìka ọmọdé sì lè wọ àlàfo bẹ́ẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó lè yanjú ìṣòro yìí láìṣẹ̀ṣẹ̀ máa yá ọ̀rọ̀: gbẹ lójú àti gbẹ dénú.

4.3 Eruku. Ohun tí ayùn ń tú jáde pín sí méjì: èyí tí ó wúwo tí ó ń bọ́ sílẹ̀, àti èyí tí ó lẹ́búlẹ́bú tí ó ń fò lójú ọ̀run. Ní 1995 ni àjọ tí ń ṣèwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ọmọọṣẹ́ tí ó ń fi ìgbálẹ̀ kó èyí tó bọ́ sílẹ̀ lè rò pé òun ti kó ewu kúrò. Nítorí náà, ó yẹ kí orúkọ àwọn méjèèjì yàtọ̀.

5. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

ìwọ̀n òde: ìwọ̀n láti etí kan dé èkejì, pẹ̀lú nínípọn pákó.
ìwọ̀n inú: àlàfo tí ó kù lẹ́yìn tí a yọ nínípọn pákó kúrò.
fọ́nrán igi: àwọn okùn tín-ín-rín tí igi fi dá ara rẹ̀.
ìlà: pípín igi ní ọ̀nà fọ́nrán.
ìgé ìdábùú: pípín igi lòdì sí fọ́nrán.
gbẹ lójú: kí omi ti kúrò ní ojú igi nìkan.
gbẹ dénú: kí ọ̀rinrin igi ti bá ti ibi tí a ó lò ó sí mu.
ìdá ọ̀rinrin: omi inú igi ní ìfiwéra pẹ̀lú igi gbígbẹ.
ojú ìyó: ipò tí ihò fọ́nrán ti ṣófo, ṣùgbọ́n tí ara fọ́nrán ṣì yó fún omi.
èérún igi: ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ayùn.
eruku igi: lẹ́búlẹ́bú tí ó ń fò, tí a lè fà símú.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ọmọọṣẹ́ tí ó bá gba fírídọ̀mù ní Ìgàndò lè fẹ́ ìwé ẹ̀rí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò NABTEB, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé lè kùnà níbẹ̀, kì í ṣe nítorí pé kò mọ iṣẹ́, bí kò ṣe pé kò sí ẹni tí ó so ohun tí ó mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bi í. Bí a bá ti fi ojú ìyó àti ìdá ọ̀rinrin kọ́ ọ ní èdè tirẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò kàn jẹ́ orúkọ kejì fún ohun tí ó ti mọ̀. Ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ní yunifásítì yóò jàǹfààní bí ó bá lè lọ jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ díẹ̀, kí ó gbọ́ bí ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀, kí ó tó gbé gègé.