Òròmọdìẹ Tí A Fún Àwọn Opó: Níbo Ni A Ti Ṣe Àṣìṣe?

Ẹ̀yin ará wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀yin tí ẹ ń yọ sàká àti sàárà fún ìtọ́jú ọmọ òrukàn, ọ̀rọ̀ adìẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa ti ìgbà yìí.

Ẹ ó rántí pé inú owó sàká ni a ti ra òròmọdìẹ fún àwọn opó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, ogún-ogún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí owó ẹyin lè máa ra ìwé àti ọṣẹ fún àwọn ọmọ. Púpọ̀ nínú àwọn adìẹ náà kú kí wọ́n tó yé ẹyin kan. Mẹ́ta péré ni ó kù lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ní agbègbè Òkè Àjẹ́ nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Ààfáà, ṣé mo ti fi owó sàká ṣòfò ni?" Mo ní rárá. Àwa tí a gbé adìẹ fún un láìkọ́ ọ ni ẹ̀bi wa pọ̀ jù. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi lọ bèèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko àti lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà.

Òtútù ni ó kọ́kọ́ pa wọ́n. Àwọn àgbà ní òròmọdìẹ kò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ni ó mọ àṣá. Ti inú páálí tí a rà kò ní ìyá rárá. Òrukàn ni àwọn náà. Abẹ́ ìyẹ́ ìyá ni ọmọ adìẹ ti ń rí ooru, nítorí náà ẹni tí ó rà á ni yóò ṣe iṣẹ́ ìyá náà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru tí wọ́n fẹ́ tó ìwọ̀n 32 sí 35 lórí ìwọ̀n Celsius, kí a sì máa dín in kù ní bí ìwọ̀n 3 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìyẹ́ yóò fi hù dáadáa. Ẹni tí kò ní ohun ìwọ̀n ooru, kí ó máa wo àwọn ọmọ adìẹ fúnra wọn. Bí wọ́n bá gun ara wọn lórí, tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná, tí wọ́n ń la ẹnu mí, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn káàkiri, tí wọ́n ń jẹun, ó ti tó. Ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí kò bá sí iná mànàmáná, ẹ má ṣe gbé ìkòkò èédú sínú yàrá kí ẹ sì ti gbogbo fèrèsé. Afẹ́fẹ́ èédú tí kò rí ọ̀nà jáde ń pa òròmọdìẹ, ó sì ń pa ènìyàn.

Ìṣirò owó ni èkejì, ibẹ̀ ni àwa ìgbìmọ̀ ti jìn sí kòtò. Owó òròmọdìẹ nìkan ni a kà. Adìẹ ẹlẹ́yin kì í sábà yé kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, yóò sì ti jẹ oúnjẹ tó bí kílò 7 sí 8 kí ọjọ́ náà tó dé. Ogún adìẹ nìyẹn, bí àpò mẹ́fà oníkílò 25, láìtíì rí ẹyin kan! Nígbà tí wọ́n bá sì ń yé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ bí gíráàmù 120 lóòjọ́, àpò kan kò sì ju bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ fún ogún. Níbo ni opó yóò ti rí i? Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi èérí ọkà nìkan bọ́ wọn. Òmíràn ra oúnjẹ adìẹ tí ń yé fún ọmọ adìẹ nítorí pé òun ni ó rí. Èròjà líle tí ó wà fún èèpo ẹyin nínú rẹ̀ a máa ba kíndìnrín ọmọ adìẹ jẹ́.

Lúkúlúkú ni ó gbá ìyókù lọ nígbà ọyẹ́. Ọrùn adìẹ á lọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á di aláwọ̀ ewé, ẹsẹ̀ á rọ. Kò sí oògùn tí ń wò ó. Kápúsù tí àwọn ènìyàn ń tú sínú omi kò lè ṣe nǹkan kan fún un, nítorí pé kòkòrò àrùn tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò ràn ni. Àjẹsára nìkan ni ààbò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, wà lára àwọn tí ń ṣe é. Ṣùgbọ́n inú yìnyín ni a gbọ́dọ̀ gbé e wá sílé. Omi tí a ó pò ó mọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ omi ẹ̀rọ tí a da kẹ́míkà sí, kí wọ́n sì mu ún tán láàárín bí wákàtí méjì. Ìgò kan sì máa ń tó fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún adìẹ, èyí ni ó mú kí ológún adìẹ máa sọ pé ó wọ́n jù fún òun. Bí ogún opó bá pín ìgò kan, owó kékeré ni.

Ti ìdọ̀tí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: èérún pákó tí ó wà nílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí omi má dà sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ ọmọ adìẹ, ẹ yára pe dókítà ẹranko. Èyí ní oògùn tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wúwo lẹ́nu mi. Àwọn kan, nígbà tí adìẹ ń kú lọ, sáré dú èyí tí ń gbọ̀n, wọ́n sì tà á lọ́jà. Èyí tí ó ti kú kí ọ̀bẹ tó kàn án, òkú ẹran ni, gbogbo wa ni a mọ̀ pé kò tọ́. Èyí tí a dú láàyè pẹ̀lú àrùn, tí a kò sì sọ fún ẹni tí ń rà á, ẹ̀tàn nínú òwò ni. Ewu ara tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2006 ni àrùn lukuluku ńlá tí a ń pè ní bird flu kọ́kọ́ hàn ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní oko adìẹ kan ní Jájí, ìpínlẹ̀ Kàdúná. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 2007, obìnrin kan ti bá a lọ ní Èkó. Adìẹ tí àrùn pa, ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Àwọn kan nínú yín ti bèèrè bóyá sàká wà lórí adìẹ. Kò sí lára ẹran tí a ń ka orí rẹ̀ bí i ràkúnmí, màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀, ẹni tí ó ń sìn wọ́n fún títà yóò ṣírò wọn bí ọjà nígbà tí ọdún bá yí po, bí owó rẹ̀ bá ti pé ìwọ̀n, yóò sì yọ ìdá kan nínú ogójì.

Ní ti èyí tí ń bọ̀, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé a kò ní í pín ọmọ ọjọ́ kan mọ́. Adìẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó ti gba àjẹsára ni a ó rà, mẹ́wàá-mẹ́wàá dípò ogún, pẹ̀lú àpò oúnjẹ tí yóò gbé wọn dé ìgbà ẹyin. A ń wò ó bóyá kí a mú irú FUNAAB Alpha, èyí tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta mú jáde láti ara adìẹ ìbílẹ̀ wa. Ìyá tí ó ní mẹ́ta péré lọ́wọ́ ni a ó kọ́kọ́ fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, oúnjẹ ni kí ó bá wa rà.