Gbòǹgbò Kejì: Ẹ̀kọ́ Lára Koríko Ilẹ̀ Gbígbẹ

Ọ̀tọ̀ ni kí irúgbìn hù, ọ̀tọ̀ ni kí ó fìdí múlẹ̀.

Ní ìhà ìlà-oòrùn Colorado, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òjò kò pọ̀. Koríko tí à ń pè ní blue grama ni oúnjẹ màlúù níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ti kọ púpọ̀ nínú pápá náà láti gbin àlìkámà, kí ọ̀dá ńlá tó dé láàárín ọdún 1930 sí 1940. Afẹ́fẹ́ gbá erùpẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ìdílé sì fi oko wọn sílẹ̀. Lórí ilẹ̀ àfisílẹ̀ wọ̀nyí, ó pẹ́ púpọ̀ kí blue grama tó padà. Kí ni ó fà á?

Bí irúgbìn rẹ̀ kékeré bá hù, gbòǹgbò kan ṣoṣo ni ó ń ta sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ni ó so gbòǹgbò yìí mọ́ ìdí ewé. Bí ewé ti ń pọ̀ sí i, omi tí ń gba inú ọ̀pá náà kọjá kò tó o mọ́. Ó di dandan kí ó ta gbòǹgbò mìíràn láti ìdí ewé; ṣùgbọ́n ìdí ewé náà wà nítòsí ojú ilẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń tètè gbẹ erùpẹ̀. Bí èéhù náà bá ti pé ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù fún ọjọ́ 2 sí 4 léraléra kí gbòǹgbò tuntun tó lè wọlẹ̀. Bí òjò kejì yìí kò bá rọ̀ ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ 6 sí 10, yóò kú, bí omi tilẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Crested wheatgrass, koríko tí a mú wá láti Rọ́ṣíà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí ewé tirẹ̀ ń wà nínú ilẹ̀, nítòsí ibi tí a gbin ín sí, níbi tí ọ̀rinrin ń pẹ́ sí. Nítorí náà ni a ṣe gbìn ín sí ọ̀pọ̀ oko àfisílẹ̀.

Kí ẹni tí ń gbin blue grama kíyèsí nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí ó gbìn ín nígbà tí òjò léraléra súnmọ́, kí òjò kan ṣoṣo má baà tàn án.
2. Kí ó má ṣe rì í jinlẹ̀. Kí ó sì tẹ erùpẹ̀ mọ́ ọn.
3. Kí ó fi àgékù pòròpórò bo ojú ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, kí ọ̀rinrin lè pẹ́.
4. Kí ó má ṣe da ẹran sí i títí yóò fi fìdí múlẹ̀.

Kí a tó ṣí ọ̀nà fún ẹran, kí a rọra wa koríko díẹ̀ wò. Bí gbòǹgbò kan ṣoṣo ni ó ní, kí a dúró, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.