ÀPÒ SÌMẸ́ŃTÌ KAN: BÁWO NI A ṢE Ń ṢÍRÒ IPASẸ̀ KÁBỌ́NÌ RẸ̀?

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí kan gbogbo ẹni tí ó ń yá owó ẹgbẹ́ láti fi kọ́lé, nítorí sìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ owó náà ń bá lọ.

Gbogbo wa ni a ń sọ pé ayé ń gbóná sí i. Afẹ́fẹ́ kábọ́nì, tí ojú kò lè rí, wà lára ohun tí ó fà á. Gbogbo èyí tí ọjà kan bá tú sílẹ̀, láti ibi tí wọ́n ti wa òkúta rẹ̀ títí ó fi dé ọwọ́ wa, ni à ń pè ní ipasẹ̀ kábọ́nì rẹ̀. Bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran, bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe tọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti Obajana ṣe àpẹẹrẹ, torí kò jìnnà sí wa. Ilé iṣẹ́ Dangote níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2008. Agbára rẹ̀ sì ti tó mílíọ̀nù 16.25 tọ́ọ̀nù lọ́dún.

1. Òkúta. Òkúta láìmù ni wọ́n ń sun nínú ààrò ńlá títí yóò fi di klínkà. Kábọ́nì wà nínú òkúta náà fúnra rẹ̀. Bí a bá sun 100 kílò òkúta láìmù tí kò ní àdàlù, kílò 56 ni yóò ṣẹ́kù. Kílò 44 ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Fún tọ́ọ̀nù klínkà kan, ó tó nǹkan bí 520 kílò.

2. Iná. Bí gáàsì bá tú kílò 56 sílẹ̀, èédú ilẹ̀ tí ó mú ooru kan náà wá yóò tú nǹkan bí 95. Ẹ jẹ́ kí a mú 300 kílò fún tọ́ọ̀nù klínkà kan.

3. Àròpọ̀. 520 àti 300 jẹ́ 820. Ká ní 40 kílò nínú àpò 50 kílò jẹ́ klínkà, tí ìyókù jẹ́ òkúta tí wọ́n lọ̀ láìsun àti jípúsọ́ọ̀mù: nǹkan bí 33 kílò kábọ́nì ni àpò kan. A kò tíì ka iná mànàmáná tí wọ́n fi lọ̀ ọ́.

4. Ọkọ̀. Nǹkan bí 43 kìlómítà ni ọ̀nà kankéré Obajana sí Kàbbà. Bí tírélà tí ó kó 600 àpò bá jó 40 líta díísù ní àlọ àti àbọ̀, tí líta kan ń tú nǹkan bí 2.7 kílò, 108 kílò ni. Pín in sí 600: kò tó ìdá kan nínú márùn-ún kílò. Ṣé ẹ rí i? Inú ààrò ni ẹrù náà wà, kì í ṣe ojú ọ̀nà.

Ìròyìn ńkọ́? Akápò tí ó ka owó tí ó wọlé, tí ó fi gbèsè pamọ́, ẹ ó gbà fún un ní ìpàdé ọdọọdún? Nítorí náà, bí ọjà kan bá ní òun kò ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ẹ béèrè: Níbo ni ìṣirò yín ti bẹ̀rẹ̀, níbo ni ó parí sí? Ti ọdún wo ni? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Òfin ojú ọjọ́ ti Nàìjíríà, 2021, ní kí ilé iṣẹ́ aládàáni tí ó ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yan ẹni tí yóò máa jábọ̀ lọ́dọọdún. Láti oṣù kìíní 2026, àwọn tí ń kó sìmẹ́ńtì wọ ilẹ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní láti san owó lórí kábọ́nì rẹ̀.

Kí ni ti wa? A kò ní kí ẹ dín sìmẹ́ńtì búlọ́ọ̀kù kù kí ilé wó o! Ohun tí à ń wí ni pé kí ẹ má fi ṣòfò. Ẹ ra ìwọ̀n tí ẹ ó lò, ẹ gbé e sórí pákó, ẹ má jẹ́ kí ó kan ògiri. Àpò tí ó bá dì, kílò 33 ti lọ lásán, èlé owó ẹgbẹ́ sì wà lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Ilé kan gba 200 àpò, 10 dì sí ìsọ̀. Kílò kábọ́nì mélòó ló ṣòfò? Ẹ mú ìdáhùn wá sí ìpàdé.