Ẹ̀rù àti Ẹ̀bi Nínú Ìtàn

Bí ìbéèrè bá ní kí o ṣàlàyé ìgbàgbọ́ asán nínú ìtàn adẹ́rùbani, má wulẹ̀ ka iye iwin. Wá ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kí o wo ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àpẹẹrẹ nìyí:

Nínú 'The Black Cat', tí Edgar Allan Poe ará Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1843, ọ̀mùtí kan yọ ojú ológbò rẹ̀ kan, ó sì tún so ó rọ̀ sórí igi. Ìyàwó rẹ̀ ti máa ń mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ àwọn ará àtijọ́, pé àjẹ́ ni ológbò dúdú. Ọkọ tún rí òmíràn mú wálé. Lójú rẹ̀, àmì funfun àyà èyí di igi tí wọ́n fi ń yẹgi fún apànìyàn. Ó fi àáké pa ìyàwó rẹ̀, ó mọ òkú rẹ̀ mọ́ inú ògiri. Níwájú ọlọ́pàá, òun náà ló ń fọ́nnu, tó fi ọ̀pá gbá ògiri ọ̀hún. Ológbò ké níbẹ̀.

Kíyè sí i: a kò kọ ọ́ pé àjẹ́ ló ké. Ológbò alààyè ni, tí ọkùnrin náà mọ mọ́ òkú láìmọ̀. Síbẹ̀, nígbà tó ku ọ̀la kó kú, ológbò náà ló ṣì ń dá lẹ́bi. Ibẹ̀ ni kí o ti ṣàlàyé dáadáa.