Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Lórí Ọpọ́n Scrabble: Lẹ́tà Kan Náà, Mọ́fíìmù Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ìfáàrà

Ayò Scrabble kì í ṣe àjèjì mọ́ ní àwọn ilé-ìwé wa. Ayàwòrán-ilé kan ní Amẹ́ríkà, Alfred Butts, ni ó pilẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ní ọdún 1948 ni ayò náà gba orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2015, ọmọ Nàìjíríà kan, Wellington Jighere, gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbáyé ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Perth ní Ọsirélíà. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn atayò yìí a máa há ọ̀rọ̀ sórí ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ wọn: àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UN, lẹ́yìn náà RE, IN àti OUT. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Máàkì kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́tà wọ̀nyí ní, púpọ̀ nínú wọn sì wọ́pọ̀ nínú àpò. Nínú 100 ègé, E nìkan jẹ́ 12. Bí atayò bá rí wọn so mọ́ iwájú ọ̀rọ̀, ó lè lo ègé méjèèje ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì gba 50 máàkì ní ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ tí ó tò kò bá sí nínú àkójọ tí a fọwọ́ sí, tí alátakò rẹ̀ sì pè é níjà, yóò kó ègé rẹ̀ kúrò, ìtayò rẹ̀ ìgbà náà yóò sì já sí òfo.

Olùkọ́ Yorùbá lè rò pé èyí kò kan òun. Ó kàn án. Lẹ́tà ni atayò ń wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mọ́fíìmù ni olùkọ́ èdè ń wá níbẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í fìgbà gbogbo bára wọn lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà.

UN àti àwọn ẹlẹ́tàn inú rẹ̀

Nínú UNFAIR àti UNHAPPY, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni UN, iṣẹ́ ìyísódì ni ó sì ń ṣe, bí àì- ti ń ṣe nínú àìmọ̀ àti àìláyọ̀. UNTIE àti UNLOCK ńkọ́? Àfòmọ́ ni níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyísódì. UNTIE kò túmọ̀ sí pé ènìyàn kò di nǹkan. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé a tú ohun tí a ti dì tẹ́lẹ̀. Yorùbá kì í lo àfòmọ́ fún irú èyí rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ni a ń mú wá: a di ẹrù, a tú ẹrù, a ti ilẹ̀kùn, a ṣí ilẹ̀kùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi àì- túmọ̀ gbogbo UN yóò kọ ohun tí kò sí ní ẹnu Yorùbá kankan. Kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, àfòmọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kí ìrísí wọn tó di ọ̀kan.

UNCLE àti UNDER kò ní àfòmọ́ kankan. Nínú UNIT àti UNION, èdè Látìnì tí ó túmọ̀ sí 'ọ̀kan' ni orírun. Àwọn olùkọ́ kan a máa sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ gé UN kúrò, kí ó wò ó bóyá ohun tí ó kù jẹ́ ọ̀rọ̀. Ọgbọ́n yìí kò tó. Gé e kúrò lára UNIT, IT ni ó kù. Gé e kúrò lára UNION, ION ni ó kù. Ọ̀rọ̀ ni àwọn méjèèjì, síbẹ̀ UNIT kì í ṣe ìyísódì IT. Ìtumọ̀ ni kí a fi dán an wò, kì í ṣe ìyókù lẹ́tà.

IN: ibi tí àṣìṣe ti lè pani

INACTIVE ni ẹni tàbí ohun tí kò ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá mọ èyí nìkan yóò rí INFLAMMABLE lára táńkà epo bẹntiróòlù, yóò sì rò pé ohun tí kò lè gbiná ni wọ́n ń wí. Òdì rẹ̀ gan-an ni. IN ti inú ọ̀rọ̀ yìí wá láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe Látìnì tí ó túmọ̀ sí kí a tiná bọ nǹkan. FLAMMABLE àti INFLAMMABLE, ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní.

IN tún ní ìwà mìíràn tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ olùkọ́ Yorùbá nínú. Ó máa ń pa ìrísí dà nítorí àrànmọ́: IMPOSSIBLE, ILLEGAL, IRREGULAR. Mọ́fíìmù kan ṣoṣo ni, lẹ́tà rẹ̀ ni ó ń yí padà. Ẹ wo àfòmọ́ oní- tiwa: onílé, aláṣọ, elépo, ẹlẹ́ran, olómi, ọlọ́jà. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bẹ̀rẹ̀ láti inú oní-, ṣùgbọ́n fáwẹ́lì márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ṣíwájú wọn. Ẹni tí ó bá fi lẹ́tà àkọ́kọ́ pín wọn yóò tú ọmọ ìyá ká. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹni náà yóò kó ILLEGAL àti ILLNESS sínú ilé kan náà, bẹ́ẹ̀ wọn kò tan.

OUT, OVER àti RE

Níhìn-ín, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi sí iwájú ni Yorùbá sábà ń fi sí ẹ̀yìn. OUTRUN ni kí a sáré ju ẹlòmíràn lọ. OUTEAT ni kí a jẹun ju ẹlòmíràn lọ. OVEREAT ni kí a jẹun jù, tí a sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ nínú àjẹjù. Jù kan náà ni ó ṣiṣẹ́ méjèèjì. Wíwà lọ àti ẹni tí a fi wéra ni ó ya OUT sọ́tọ̀ kúrò lára OVER. RE rọrùn, tún ni: REDO ni tún ṣe, REUSE ni tún lò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣáà má fi READ kún un.

Lílò rẹ̀ nínú kíláàsì

Nigel Richards, ará New Zealand, gba ìdíje àgbáyé ti èdè Faransé ní ọdún 2015 àti ti èdè Sípáníìṣì ní ọdún 2024, láìjẹ́ pé ó ń sọ àwọn èdè náà. Lẹ́tà ni ó há sórí. Ìyẹn tó fún ọpọ́n, kò tó fún olùkọ́.

Kí olùkọ́ kọ ogún ọ̀rọ̀ UN sára pátákó, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ wọn sí Yorùbá kí wọ́n tó pín wọn. Ìtumọ̀ ni yóò ṣe ìpín náà fúnra rẹ̀: ibi tí wọ́n bá ti lo àì- tàbí kò, ibi tí wọ́n bá ti wá ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn, àti ibi tí wọn kò ti nílò èyíkéyìí.

Bí wọ́n bá ṣe èyí tán, kí wọ́n gbìyànjú láti gé ègé lẹ́tà fún Yorùbá. Álífábẹ́ẹ̀tì 25 ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, gb yóò sì jẹ́ ègé kan ṣoṣo. Níwọ̀n bí fáwẹ́lì ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa, ègé fáwẹ́lì gbọ́dọ̀ pọ̀. Àríyànjiyàn yóò bẹ̀rẹ̀ lórí u, tí kì í ṣíwájú ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá láti Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà yóò to ulé sórí ọpọ́n, yóò sì béèrè máàkì rẹ̀.